Ìlú Tí Ó Bèèrè Ẹ̀tọ́ Omi fún Eré Ọkọ̀

Omi kò ní ọ̀tá: báyìí ni àwọn àgbà wí. Kò sí ẹni tí kì í mu ún, kò sí ẹni tí kì í fi wẹ̀, kò sì sí ọbẹ̀ tí a lè sè láìsí i. Ṣùgbọ́n bí omi kò tilẹ̀ ní ọ̀tá, ó ní olùfẹ́ púpọ̀; níbi tí ó bá sì ti ṣọ̀wọ́n, àwọn olùfẹ́ rẹ̀ a máa bá ara wọn jà. Àgbẹ̀ ń fẹ́ ẹ fún oko rẹ̀, ará ìlú ń fẹ́ ẹ fún ilé rẹ̀, ilé iṣẹ́ ń fẹ́ ẹ fún ẹ̀rọ rẹ̀. Ní ọdún 1998, ìlú kékeré kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Golden, ní ìpínlẹ̀ Colorado ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìbéèrè kan lọ sí ilé ẹjọ́ tí ó ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu. Ìlú náà kò bèèrè pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fa omi jáde kúrò nínú odò. Ohun tí ó bèèrè ni pé kí òfin fún òun ní ẹ̀tọ́ pé kí omi náà máa ṣàn nínú odò gan-an, kí àwọn ènìyàn lè máa fi ọkọ̀ kékeré ṣeré lójú rẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé ni dáadáa, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí Colorado jẹ́. Ìhà ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà ni ó wà. Àwọn òkè gíga gíga wà níbẹ̀, pẹ̀tẹ́lẹ̀ gbígbẹ sì wà ní ìsàlẹ̀ wọn. Òjò kò pọ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Ní Denver, tí í ṣe olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, gbogbo omi tí ó ń ti ojú ọ̀run bọ̀ ní ọdún kan kò ju nǹkan bí íńsì 15 lọ. Orí òkè ni ìṣúra omi wọn wà. Ní ìgbà òtútù, òjò dídì funfun a máa bo orí àwọn òkè náà, a sì dúró síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Bí oòrùn bá wá mú ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà, yóò yọ́, yóò di omi, yóò sì rọ́ wá sí ìsàlẹ̀ pẹ̀lú ariwo ńlá. Lẹ́yìn èyí, bí ọdún ti ń lọ, odò a máa fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀kan nínú irú odò bẹ́ẹ̀ ni Clear Creek. Ó ń ti orí òkè bọ̀, ó ń gba àárín àfonífojì tóóró kọjá, ó la ìlú Golden já, kí ó tó lọ bá odò ńlá tí à ń pè ní South Platte ní ẹ̀gbẹ́ Denver.

Wúrà ni ó kó àwọn àjèjì wá sí etí odò yìí ní ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀. Ní ọdún 1859 ni ìròyìn kàn pé wọ́n ti rí wúrà ní Clear Creek, ni àwọn awakùsà bá ya wọ àwọn òkè náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ yọ wúrà kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀ kò lè ṣe é láìsí omi tí yóò fi fọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni ibi tí wúrà wà lè jìnnà sí odò. Nítorí náà wọ́n ń gbẹ́ yàrà, wọ́n ń darí omi láti inú odò lọ sí ibi iṣẹ́ wọn. Nígbà tí omi kò tó gbogbo wọn, wọ́n fi ìlànà kan lélẹ̀ láàárín ara wọn: ẹni tí ó kọ́kọ́ fa omi ni yóò kọ́kọ́ gba tirẹ̀ pé. Àwọn àgbẹ̀ tí ó dé lẹ́yìn wọn náà tẹ̀lé ìlànà yìí. Ẹni tí ó bá jí sódò ni í pọn omi tí ó tòrò. Ṣùgbọ́n ní Colorado, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán. Òfin ni ó dà.

Nígbà tí Colorado di ìpínlẹ̀ ní ọdún 1876, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ wọn pé omi odò jẹ́ ti gbogbo ènìyàn, àti pé a kò gbọdọ̀ fi ẹ̀tọ́ láti fa omi tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbà du ẹni tí ó bá fẹ́ fi ṣe ohun tí ó ní àǹfààní. Ní ọdún 1882, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ìpínlẹ̀ náà tún ṣe àlàyé pé níní ilẹ̀ ní etí odò kò sọ ènìyàn di olówó omi. Bí àgbẹ̀ kan bá ń gbé ní máìlì mẹ́wàá sí odò, ṣùgbọ́n tí ó ti fa omi náà lò ṣáájú ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní bèbè, ti àgbẹ̀ náà ni ó ṣíwájú.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan ṣe àlàyé bí òfin yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Ká sọ pé ènìyàn 3 ní ẹ̀tọ́ sí omi odò kan. Ẹ̀tọ́ ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1865, ti ẹnì kejì ní ọdún 1910, ti ẹnì kẹta ní ọdún 1998. Ní ọdún tí omi bá pọ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò gba tiwọn, ìjà kò ní sí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dá bá dé, tí omi kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ bí ó ti yẹ, yóò ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó odò náà. Òṣìṣẹ́ yìí yóò pàṣẹ pé kí ẹnì kẹta ti ìlẹ̀kùn yàrà omi rẹ̀. Bí omi kò bá tíì tó síbẹ̀, ẹnì kejì náà yóò ti tirẹ̀. Wọn kì í pín omi ní ìdọ́gba, wọn kì í sì í wo ojú ẹni tí ìyà ń jẹ. Ọjọ́ orí ẹ̀tọ́ ni wọ́n ń wò.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ohun méjì ni ẹni tí ó bá fẹ́ gba irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀ ní láti fi hàn. Èkíní ni pé ó ń darí omi kúrò ní ipa ọ̀nà tí ó ń tọ̀ tẹ́lẹ̀. Èkejì ni pé ohun tí ó fẹ́ fi omi náà ṣe ní àǹfààní. Omi tí ó bá ń ṣàn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú odò kò ní alágbàwí. Ẹni tí ó bá gbẹ́ yàrà lọ́la lè fà á lọ. Ó ṣẹlẹ̀ nígbà mìíràn pé odò kan gbẹ pátápátá ní apá ibì kan nítorí pé gbogbo omi rẹ̀ ti bá yàrà lọ, tí ẹja inú rẹ̀ sì kú. Nítorí èyí ni àwọn aṣòfin fi ṣe òfin kan ní ọdún 1973, pé kí ìgbìmọ̀ ìjọba tí ń dáàbò bo omi ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1937, lè gba ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí omi díẹ̀ kù sínú odò, kí ẹja àti àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ lè wà láàyè. Ṣùgbọ́n òfin wá sọ pé ìgbìmọ̀ náà nìkan ni ó lè ní irú ẹ̀tọ́ yìí. Ìlú kò lè ní in, àgbẹ̀ kò lè ní in, ẹgbẹ́ apẹja kò lè ní in.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ wà nígbà tí ìlú Golden bẹ̀rẹ̀ sí wo odò rẹ̀ pẹ̀lú ojú tuntun. Tẹ́lẹ̀ rí, odò iṣẹ́ ni Clear Creek jẹ́. Àwọn awakùsà ti fọ wúrà nínú rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ ti fi bomi rin oko, ilé iṣẹ́ ọtí bíà tí Adolph Coors dá sílẹ̀ ní ọdún 1873 sì wà ní ìlú náà títí di òní olónìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ìparí ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, irú àwọn ènìyàn mìíràn ń wá sí etí odò. Wọn kò gbé agbada ìfọwúrà lọ́wọ́. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n gbé lé èjìká.

Káyàkì ni à ń pe ọkọ̀ yìí. Àwọn ènìyàn Inuit, tí ń gbé ní ilẹ̀ yìnyín ní apá àríwá ayé, ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é. Wọ́n ń fi awọ ẹran omi bo egungun rẹ̀, wọ́n sì ń fi ṣe ọdẹ lójú òkun. Ó gùn, ó sì tóóró. A bo òkè rẹ̀, àfi ihò kan tí ẹni tí ń wà á yóò jókòó sí. Àjẹ̀ kan ṣoṣo tí ó fẹ̀ lórí méjèèjì ni ó ń fi tu ọkọ̀ náà, tí yóò ti apá ọ̀tún bọ omi, tí yóò tún ti apá òsì bọ̀ ọ́. Àwọn tí ń fi káyàkì ṣeré kì í fẹ́ omi tí ó dákẹ́. Omi tí ń ru, tí ń hó, tí ń ta lu àpáta ni ó dùn mọ́ wọn, nítorí níbẹ̀ ni ọgbọ́n àti ìgboyà wọn ti ń hàn. Nígbà mìíràn ọkọ̀ a dojú dé pẹ̀lú ẹni tí ó wà nínú rẹ̀, ẹni náà yóò sì fi àjẹ̀ yí i padà sójú ọ̀run láìjáde.

Ìlú Golden rí i pé eré yìí ń fa àlejò wá, àti pé àlejò tí ó bá ti wà ọkọ̀ tán yóò jẹun, yóò ra ọjà, yóò sì sùn ní ilé àlejò. Nítorí náà wọ́n tún odò náà ṣe ní apá ibi tí ó gba inú ìlú kọjá. Wọ́n kó òkúta ńláńlá sínú rẹ̀, wọ́n sì tò ó ní ọ̀nà tí omi yóò fi máa fún pọ̀ ní ibì kan, tí yóò máa já ní ibòmíràn, tí yóò sì máa yí padà bí ìgbì lẹ́yìn òkúta. Ṣùgbọ́n wàhálà kan kù. Òkúta kò lè ṣe nǹkan kan bí omi kò bá sí. Bí àwọn ìlú mìíràn bá gba ẹ̀tọ́ omi tuntun ní òkè odò, tí wọ́n sì ń fà á lọ lọ́dọọdún, ọjọ́ kan yóò dé tí ibi eré náà yóò di òkìtì òkúta gbígbẹ. Ìdí nìyí tí Golden fi tọ ilé ẹjọ́ omi lọ. Colorado ní irú ilé ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ 7, tí òfin ọdún 1969 fi lélẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fún agbègbè àwọn odò ńlá.

Omi tí Golden ń bèèrè kì í ṣe kékeré. Ní àwọn oṣù tí odò máa ń kún, ó fẹ́ kí ẹ̀tọ́ rẹ̀ tó 1,000 ẹsẹ̀ bàtà omi ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Báyìí ni a ṣe lè lóye ìwọ̀n yìí. Bí a bá kan àpótí kan tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tí ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, tí ó sì ga ní ẹsẹ̀ bàtà kan, omi tí yóò kún un tó lítà 28, èyí tí ó jẹ́ bí garawa kan àbọ̀. Kí 1,000 irú àpótí bẹ́ẹ̀ máa kọjá lójú ẹni kí a tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan: èyí ni ohun tí ìlú náà bèèrè.

Agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà ó yẹ kí a gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì. Golden wí pé òun kò fẹ́ gba omi lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣíwájú òun. Ọdún 1998 ni ẹ̀tọ́ òun yóò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ tí ó ti ń fa omi fún ọgọ́rùn-ún ọdún kò sì ní pàdánù garawa kan. Ó wí pé omi tí ó gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá kò dín kù; àwọn tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò yóò tún rí i lò. Ní ti pé kò darí omi kúrò ní ipa ọ̀nà rẹ̀, ó tọ́ka sí ìdájọ́ kan tí ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti ṣe ní ọdún 1992. Nínú ẹjọ́ náà, tí ó kan ìlú Fort Collins àti odò Cache la Poudre, àwọn adájọ́ gbà pé bí ènìyàn bá kọ́ nǹkan sínú odò tí ó ń darí omi náà ní ojú ọ̀nà rẹ̀ gan-an, èyí tó nínú òfin. Òkúta tí Golden tò sínú Clear Creek ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Àti pé eré tí ń mú ara le, tí ó sì ń mú owó wọ ìlú, ta ni ó lè sọ pé kò ní àǹfààní?

Àwọn ìjòyè ìjọba ìpínlẹ̀ tí ń ṣe àkóso omi dá a lóhùn. Wọ́n wí pé ẹ̀tọ́ láti jẹ́ kí omi máa ṣàn nínú odò ni Golden ń wá ní ti gidi, òfin sì ti sọ pé ìgbìmọ̀ ìjọba nìkan ni ó lè ní in. Wọ́n wí pé omi tí ó bèèrè pọ̀ jù, pé ó fẹ́ gba odò mọ́lẹ̀ fún eré àwọn ènìyàn díẹ̀. Èyí tí ó sì dùn wọ́n jù lọ ni ọ̀rọ̀ àwọn tí kò tíì dé. Àwọn ìlú tí ó wà ní òkè odò yóò dàgbà. Àwọn ọmọ tí a kò tíì bí yóò nílò omi mímu. Ẹ̀tọ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ lónìí yóò di àgbà lórí tiwọn. Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Colorado ti bá àwọn ìpínlẹ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ odò ṣe àdéhùn nípa iye omi tí oníkálùkù yóò lò, irú èyí tí ó ṣe lórí odò Colorado ní ọdún 1922, àti èyí tí ó bá Nebraska ṣe lórí South Platte ní ọdún 1923. Bí a bá fi dandan jẹ́ kí omi ṣàn lọ, ó lè kọjá ààlà láìjẹ́ pé ará Colorado rí i lò, bẹ́ẹ̀ ni ó ní ìpín nínú rẹ̀.

Ilé ẹjọ́ omi gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó sì dá Golden láre ní ọdún 2001. Ìjọba pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Adájọ́ 7 ni ó wà ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ti Colorado, ṣùgbọ́n 6 ni ó jókòó lórí ẹjọ́ yìí àti ti ìlú Vail àti ìlú Breckenridge, tí àwọn náà bèèrè irú ẹ̀tọ́ kan náà. Ní ọdún 2003 wọ́n kéde èrò wọn: ẹni 3 wà lẹ́yìn ìlú, ẹni 3 wà lẹ́yìn ìjọba. Òfin sọ pé bí ilé ẹjọ́ gíga bá pín sí méjì báyìí, ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ni yóò dúró. Bí Golden ṣe gba ẹ̀tọ́ rẹ̀ nìyí. Ṣùgbọ́n irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kì í di ìlànà tí àwọn ẹlòmíràn lè rọ̀ mọ́; ó yanjú ọ̀rọ̀ àwọn tí ó wá sí ilé ẹjọ́ nìkan.

Kí ẹjọ́ náà tó parí, àwọn aṣòfin ti rí i pé ìlú mìíràn yóò tẹ̀lé Golden. Nítorí náà ní ọdún 2001 wọ́n ṣe òfin tuntun. Wọ́n gbà pé àwọn ìlú àti irú ìjọba ìbílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba ẹ̀tọ́ omi fún eré lójú odò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni mìíràn kò lè gbà á, iye tí a ó sì fún wọn kò gbọdọ̀ ju ìwọ̀n tí ó kéré jù lọ tí eré tí ó mọ níwọ̀n fi lè ṣeé ṣe. Èyí dára lójú ìwé, ṣùgbọ́n kí ni a ń pè ní eré tí ó mọ níwọ̀n? Àríyànjiyàn yìí ni ó ṣẹlẹ̀ lórí odò Gunnison. Àjọ tí ń mójú tó omi ní òkè odò náà bèèrè iye tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 270 dé 1,500 ẹsẹ̀ bàtà omi ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìgbìmọ̀ ìjọba wí pé 250 tó. Ní ọdún 2005, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ láti bá ẹlẹ́jọ́ yan irú eré tí yóò ṣe. Ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ omi ní láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ohun tí ẹlẹ́jọ́ ń fẹ́ mọ níwọ̀n, kí ó tó fún un ní omi. Wọ́n dá ẹjọ́ náà padà fún àtúngbọ́. Ní ọdún 2006 àwọn aṣòfin tún òfin náà ṣe, wọ́n sì fi hàn gbangba pé ọkọ̀ tí kò ní ẹ̀rọ nìkan ni ẹ̀tọ́ yìí wà fún. Láti ìgbà náà, àwọn ìlú bí Steamboat Springs lórí odò Yampa àti Durango lórí odò Animas ti ní ẹ̀tọ́ tiwọn.

Kí ni ìlú tí ó ní ẹ̀tọ́ yìí rí gbà ní ti gidi? Kò rí agbára láti pàṣẹ fún àwọn tí ó ṣíwájú rẹ̀. Ọ̀dọ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ láàárín àwọn àgbà. Ọ̀dá ńlá mú ní Colorado ní ọdún 2002. Irú ọdún bẹ́ẹ̀ a máa kọ́ ni pé ìwé ẹ̀tọ́ kò lè rọ òjò, ẹni tí ó bá sì dé kẹ́yìn lè wo odò lásán. Ohun tí ìlú náà rí gbà ni ipò kan nínú ìlà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fa omi lọ́la ní òkè odò gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn, kí ó rí i pé ẹnì kan ti wà níbẹ̀ ṣáájú òun, kí ó sì bá a sọ̀rọ̀.

Nínú èyí ni ẹ̀kọ́ ọ̀rọ̀ náà wà. Àwọn awakùsà tí ó kọ́kọ́ gbẹ́ yàrà kò rò ó rí pé ọjọ́ kan yóò dé tí omi tí ẹnikẹ́ni kò fà yóò ní iye lórí. Lójú wọn, omi tí ó bá kọjá lọ ti ṣòfò. Àwọn ọmọ ọmọ wọn wá rí i pé odò tí ó wà láàyè jẹ́ ọrọ̀ fún ìlú tí ó ń la já. Síbẹ̀ wọn kò wó òfin baba wọn palẹ̀. Inú òfin náà gan-an ni wọ́n ti wá àyè fún ohun tuntun, pẹ̀lú ẹ̀rí, pẹ̀lú sùúrù, níwájú adájọ́. Àwọn tí ó takò wọ́n náà kò ṣe ibi, nítorí ẹni tí ń rántí ọmọ tí a kò tíì bí kì í ṣe aláìnírònú. Odò kan ṣoṣo ni, àgbẹ̀ fẹ́ ẹ, ìlú fẹ́ ẹ, ẹja ń gbé inú rẹ̀, ọlọ́kọ̀ ń ṣeré lójú rẹ̀. Bí gbogbo wọn yóò bá lò ó pẹ́, àfi kí oníkálùkù mọ ibi tí tirẹ̀ mọ.